Ṣé lóòótọ́ lorúkọ ń tú àṣírí àṣà àwọn tó ń jẹ́ ẹ?

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè, ẹ má sì fi "ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ" dá mi lóhùn, mo ti gbọ́ ìyẹn tó. A ń tẹ orúkọ àwọn èèyàn sínú kọ̀ǹpútà níbi iṣẹ́, ló bá kan bàbá kan tó wá láti Indonéṣíà, orúkọ ẹyọ kan ṣoṣo ló ń jẹ́, kò ní orúkọ ìdílé rárá, kọ̀ǹpútà yarí pé àfi ká kọ nǹkan síbẹ̀, la bá kọ orúkọ kan náà yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń kàwé lórí ìmọ̀ orúkọ, gbogbo wọn ló ń sọ pé dígí àṣà lorúkọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí lèèyàn lè rí dì mú gan-an nínú orúkọ lásán?

Ẹ̀gbọ́n_Tíṣà:
Àbúrò, bàbá yẹn ò ṣe nǹkan àjèjì kankan o. Ṣebí Suharto tó ṣe ààrẹ wọn títí di 1998, orúkọ ẹyọ kan lòun náà ń jẹ́, ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ará Java, erékùṣù kan ní Indonéṣíà. Fọ́ọ̀mù yín ló lẹ́jọ́, ẹni tó ṣe é rò pé bí wọ́n ṣe ń jórúkọ nílé tòun ni gbogbo ayé ń jẹ́ ẹ.

Dígí ńkọ́? Ó wà dáadáa. Kofi Annan tó ṣe akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN), wò ó. Ọkùnrin tí wọ́n bá bí lọ́jọ́ Fúráìdè làwọn Akan ní Gánà ń pè ní Kofi, lọ wo kàlẹ́ńdà ọjọ́ 8 oṣù Épírì 1938 tí wọ́n bí i, Fúráìdè ni. Atta tó wà láàárín orúkọ ẹ̀, ìbejì ni, ó sì ní ìkejì lóòótọ́, obìnrin. Ṣó o rí i, o ò tíì bi í ní nǹkan kan, o ti mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i, o ti mọ̀ pé wọ́n bí ẹlòmíì mọ́ ọn. Àwọn ará Bali, erékùṣù míì ní Indonéṣíà, ní tiwọn, ipò ọmọ ni wọ́n ń wò, Wayan, Made, Nyoman, Ketut, tó bá di ẹ̀karùn-ún wọ́n á tún padà sórí Wayan. Nílé ọlọ́mọ márùn-ún tí wọ́n bá wá pe Wayan, ta ló máa jẹ́?

Kò_Rí_Bẹ́ẹ̀:
Wọ́n máa ń fi Balik kún ti ẹ̀karùn-ún, ẹ̀gbọ́n, bí ìgbà téèyàn bá ní "Wayan lẹ́ẹ̀kejì".

Àmọ́ ẹ má bínú, dígí yẹn máa ń parọ́ o. Ẹ gbé Philippines wò, orúkọ ìdílé tó dà bíi ti Sípéènì pọ̀ níbẹ̀ lọ jàra, ẹni tí ò bá mọ̀ á ní ọmọ Sípéènì ni gbogbo wọn. Irọ́ ńlá! Ní 1849, Clavería tó jẹ́ gómìnà táwọn Sípéènì fi síbẹ̀ pàṣẹ pé dandan ni kí kálukú ní orúkọ ìdílé, torí kíka èèyàn àti gbígba owó orí ti dojú rú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n to orúkọ sínú ìwé kan ní a-b-d, wọ́n wá ń pín in láti ìlú dé ìlú. Ìdí nìyẹn táwọn ìlú kan fi wà dòní tó jẹ́ pé lẹ́tà kan náà ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọ̀pọ̀ èèyàn ibẹ̀, bíi Oas ní Albay, R ṣáá ni. Àṣà ta wá ni ká kà níbẹ̀? Ti agbowó orí! Tọ́kì náà, 1934 ni òfin sọ pé kí gbogbo wọn mú orúkọ ìdílé, ọdún yẹn náà ni Mustafa Kemal, ààrẹ wọn, di Atatürk. Ìjọba ló bí ọ̀pọ̀ orúkọ ìdílé, kì í ṣe baba ńlá ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀gbọ́n_Tíṣà:
O gbá mi mú níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n Iceland ò kúkú gbà, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń jẹ́ "ọmọ lágbájá" títí dòní. Vigdís Finnbogadóttir tó ṣe ààrẹ wọn láti 1980 sí 1996, ọmọbìnrin Finnbogi ni, ó tán.

Ìyá_Oníwèé:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀yin méjèèjì ò purọ́. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ẹnu ta lorúkọ yẹn ti jáde. Nígbà táwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ tà lẹ́rú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé ní Freetown àti Havana, ó lé ní 90,000. Àwọn akọ̀wé ò gbọ́ èdè wọn, etí ni wọ́n fi ń kọ ọ́, sípẹ́lì ẹ̀ rí jágbajàgba, síbẹ̀ táwọn olùwádìí bá kà á sókè fẹ́ni tó gbọ́ èdè náà, á ní "háà, orúkọ wa nìyí". Ìwé ọkọ̀ kò kọ ìlú wọn o, orúkọ ló ń júwe ibi tó ṣeé ṣe kí wọ́n ti wá. Cudjoe, olórí àwọn Maroon, ìyẹn àwọn tó sá kúrò lóko ẹrú, tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Jàmáíkà ní 1739 náà ńkọ́? Kojo ni, ọmọ ọjọ́ Mọ́ńdè, Akan pọ́ńbélé.

Akẹ́kọ̀ọ́_Tuntun:
Ẹ ṣeun gan-an ma, "ẹnu ta ló ti jáde" yẹn ló yé mi jù. Mo ti ní kí wọ́n yọ dandan kúrò níbi orúkọ ìdílé lórí fọ́ọ̀mù wa, wọn ò tíì dáhùn. Bàbá Indonéṣíà yẹn sha, gbogbo ọ́fíìsì ló ti ń pè é lẹ́ẹ̀mejì báyìí, lánàá òun fúnra ẹ̀ gbé fóònù, ó dárúkọ ara ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó rántí, ló bá bú sẹ́rìn-ín.