Kí ló wà níbi tí ẹ ń gbé kó tó di àdúgbò?

Abíọ́nà Bàsírì
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń sọ fún ọmọ mi lánàá pé àbàtà ni ibi tí òtẹ́ẹ̀lì kan wà ládùúgbò wa, pé akàn la máa ń wá níbẹ̀. Ó wò mí bíi pé mò ń pàlọ́. Láti 1996 tí Adó-Èkìtì ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ ló ti ń fẹ̀, kò sì tíì dúró. Ẹ jọ̀wọ́, kí oníkálukú sọ tirẹ̀: kí ló wà níbi tí ẹ ń gbé tẹ́lẹ̀? Ta ni àyípadà náà ṣe láǹfààní, ta ló sì pa lẹ́kún? Ẹ má fi òṣèlú bà á jẹ́ o.

Kẹ̀kẹ́ Ni Mo Ń Wà
Oko ẹ̀gẹ́. Ó tán.

Ìyá Ìbejì Àjílọ́sùn
Ìsàlẹ̀ nítòsí odò ni mò ń gbé. Nígbà tí mo kó débẹ̀, igi ṣì wà létí odò yẹn, a sì ń fọ aṣọ níbẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ìgbà tó yá ni àwọn olówó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sókè lọ́hùn-ún. Wọ́n to íńtálọ́ọ̀kì sí gbogbo àgbàlá, kò ku ibi tí òjò lè gbà wọlẹ̀. Omi orí páànù wọn, omi àgbàlá wọn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n la gọ́tà fún, ọ̀dọ̀ wa ni gọ́tà náà sì dojú kọ. Tójò bá ti ṣú lálẹ́, kò sí oorun mọ́. A ó gbé bẹ́ẹ̀dì sórí tábìlì, a ó gbé àwọn ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì. Lọ́dún kan, àgbàrá gbé ẹ̀rọ tí mo fi ń lọ ata lọ. Ata ni mò ń lọ̀ fún gbogbo àdúgbò, òun la fi ń jẹun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ kan wá, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri wa. Wọ́n ní a kọ́lé sójú ọ̀nà omi. Ta ló la ọ̀nà náà fún omi? Mo gòkè lọ wò ó, mi ò rí X kankan lára ilé ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ayálégbé Títí Ayé
Lẹ́tà X yẹn, àwa mẹ̀kúnnù nìkan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Ọmọ Onílẹ̀ Tòótọ́
Ẹ má bínú sí mi o, màmá. Gbogbo ẹni tó bá ra ilẹ̀ etí odò ló mọ ìdí tó fi dínwó. A kì í ra ilẹ̀ owó pọ́ọ́kú tán ká tún máa pariwo omi.

Ìyá Ìbejì Àjílọ́sùn
Àbúrò, èmi ò ra ilẹ̀ kankan. Ilé ni mo gbà. Ìbàdàn ni onílé ń gbé, kì í mọ̀ tójò bá rọ̀ l'Ádòó. Oṣù owó ilé ló mọ̀.

Bàbá Dalimore
Ìwọ Ọmọ Onílẹ̀, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ tà á? Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn àgbà ìdílé mọ ibi tí odò máa ń kún dé. Wọn kì í dáko débẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí ilé. Ẹ̀fọ́ odò ni àwọn obìnrin ń já níbẹ̀, ewé gbòdògì náà sì wà. Àwọn àgbà yẹn kú tán, àwọn ọmọ wọn gbé téèpù jáde. Ibi tí bàbá wọn yọ̀ǹda fún omi ni wọ́n gé sí púlọ́ọ̀tì. Mo mọ ẹnì kan tó ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta, tí omi sì jẹ́ ẹnì kẹrin tó ní in lọ́wọ́. Nígbà náà, tèèyàn bá dúró ní Òkèṣà, kò sí ibi tó kọjú sí tí kò ní rí òkè. Ilé ìwé wa, tíṣà wa máa ń ní ká lọ ká ewé... kí ni mo tilẹ̀ ń bọ̀ wá sọ?

Kẹ̀kẹ́ Ni Mo Ń Wà
😂😂 Ẹ kú ìrántí, sà.

Ará Èkó Tó Padà Sílé
Tiyín ò tíì dé ibì kan. Mo wà l'Ékòó nígbà tí wọ́n tú àdúgbò Màrókò ká ní oṣù Keje 1990. Àwọn tí wọ́n lé níbẹ̀ tó 300,000. Wọ́n ní ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀ jù, pé òkun lè bò ó. Ẹ lọ wo ibẹ̀ báyìí. Wọ́n kó iyanrìn dà sí i, ilé olówó ló kún bẹ̀. Iyanrìn yẹn, ṣé kò ṣeé dà sí i nígbà tí àwọn tálákà ṣì wà lórí ẹ̀ ni?

Kẹ̀kẹ́ Ni Mo Ń Wà
Ẹ̀gbọ́n, Èkìtì la wà o. Gbogbo ọ̀rọ̀ ni ẹ máa ń wọ́ lọ s'Ékòó.

Ọmọ Ìbàdàn
Ká má tíì wá dárúkọ omíyalé Ògùnpa 1980.

Agbẹ́bóòhóòlù
Ẹ jẹ́ kí n dá sí ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Orí àpáta ni Adó jókòó lé. Omi tí ẹ ń rí nínú kànga, inú erùpẹ̀ tó bo àpáta yẹn ló wà, erùpẹ̀ náà ò sì nípọn níbi púpọ̀. Bóòhóòlù ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe kòńgẹ́ ibi tí àpáta ti sán lábẹ́ ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí i pé omi ń tú yàà ní ilé kan, eruku funfun ló sì ń jáde ní ilé kejì. Tí èyí àkọ́kọ́ bá gbẹ, olówó á ní ká sún ẹ̀rọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ká tún un gbẹ́. Ẹni tó fi owó àjọ gbẹ́ tiẹ̀, owó rẹ̀ ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an rèé. Òjò tó bá rì sínú ilẹ̀ lókè ló ń rọra sàn wá sínú kànga àwọn ará ìsàlẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tẹ́ ẹ bá ti fi kọnkéré bo òkè, gbogbo rẹ̀ á ya wálẹ̀ lójú kan nínú òjò, tó bá wá di oṣù Kejì, kànga ìsàlẹ̀ á gbẹ. Omi kan náà ni. Ẹ ti gbà á tán lásìkò tẹ́ ò fẹ́.

Ìyá Ìbejì Àjílọ́sùn
Háà! Ẹ̀yin ni mo ti ń wá! Tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará òkè yẹn náà ni mo ń lọ ra omi lọ́wọ́ wọn!

Ayálégbé Títí Ayé
Ẹ dúró ná. Wọ́n da òjò sí yín nílé, wọ́n tún wá ń ta omi fún yín?

Ìyá Ìbejì Àjílọ́sùn
Kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Máígáàdì ló ń gbowó lẹ́nu géètì.

Kẹ̀kẹ́ Ni Mo Ń Wà
Òwò nìyí! Ẹ jẹ́ kí n lọ kọ́lé sókè.

Aya Pásítọ̀
Ẹ má kó gbogbo wọn pọ̀ bú. Ọlọ́run ló fún aládùúgbò wa níṣẹ́, ó sì fa ẹ̀rọ omi síta fún aráyé, kì í gba kọ́bọ̀. Jẹnẹrétọ̀ sì ni wọ́n fi ń fa omi yìí, ẹ mọ iye tí epo jẹ́.

Ayálégbé Títí Ayé
Àmín o, àǹtí. Aládùúgbò yín kì í ti ẹ̀rọ náà láàárọ̀ tí àlejò bá wà?

Aya Pásítọ̀
Ó ń tì í. Ilé rẹ̀ ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòròkó
Kì í ṣe Adó nìkan. Ní ìlú Guayaquil ní Ecuador, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 pé àwọn tí ẹ̀rọ omi wọlé wọn ń sanwó táṣẹ́rẹ́, àwọn aláìní ẹ̀yìn ìlú sì ń ra ti táńkà ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po iye yẹn. Odò ńlá sì ṣàn gba ìlú ọ̀hún kọjá o. Àwa náà sé odò Ùrèjé láti máa fún ìlú lómi, ẹ wo bí ilé ṣe ń sún mọ́ ọn. Tí omi bá tiẹ̀ wà, ọ̀nà tí páìpù gbà ló ń pinnu ẹni tó máa mu ún.

Bàbá Dalimore
Níbo ni Ecuador wà?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòròkó
Gúúsù Amẹ́ríkà ni, sà.

Bàbá Dalimore
Ó dáa. Ṣé wọ́n ń jẹyán níbẹ̀?

Ayálégbé Títí Ayé
Bàbá, níbí gan-an, ta ló ń rí iyán gún mọ́? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni mò ń gbé. Onílé kọ ọ́ sínú àdéhùn pé a ò gbọ́dọ̀ gún iyán nínú ilé, pé ó ń sán ògiri. Ní Èkìtì!

Ọmọ Olósùnta
Wọ́n kọ ọ́ sínú ÌWÉ? Kó o lé onílé náà kúrò nílùú.

Aya Pásítọ̀
Ẹ lo ìyẹ̀fun iyán, kò pariwo.

Bàbá Dalimore
Ìyá mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nínú ibojì. Uyán kọ́ nìyẹn.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìjàn
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀, iyán ò ní sá lọ. Oko bàbá mi ni wọ́n gbà fún iṣẹ́ ìlú kan, n ò ní sọ èwo. Kòkó wà lápá kan, obì wà níbẹ̀, ọ̀pẹ náà wà. Apá tó kù, a fi í sílẹ̀ kó sinmi ni. Gbogbo àgbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: ilẹ̀ tó ti so iṣu títí tó ti rẹ̀ ẹ́, èèyàn á jẹ́ kí igbó bò ó kó lè lágbára padà. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ ka oko dé, wọ́n ka igi kòkó, wọ́n ka obì, wọ́n ka ọ̀pẹ. Nígbà tí wọ́n dé ibi igbó, wọ́n ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, wọ́n sì fo apá ibẹ̀ pátá. Mo ní, "Sà, iṣu ọdún tó ń bọ̀ ló wà níbẹ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Katakata tí wọ́n kó wá ò fo apá kankan ní tirẹ̀.

Ọmọ Onílẹ̀ Tòótọ́
Bóyá ẹ ò ní lọ́yà ni. Àwọn ẹbí wa gba owó tiwọn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwòròkó
Lọ́yà kọ́, ẹ̀gbọ́n. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà. Tí wọ́n bá fẹ́ ẹ fún ìlò ìlú, irè tó wà lórí rẹ̀ àti ilé ni wọ́n ń san owó fún. Wọn kì í san iye tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ì bá mú wá lọ́jà. Lójú òfin náà, igbó tó ń sinmi ò yàtọ̀ sí òfìfo. Lọ́jọ́ tí ọ̀dà bá wọbẹ̀ tán, ẹ wá béèrè iye púlọ́ọ̀tì kan.

Ọmọ Ègbìrà Adó
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tiẹ̀ rí kòkó kà. Ìṣákọ́lẹ̀ ni bàbá mi ń san, iṣu ló ń gbìn, a sì ti wa iṣu ọdún yẹn tán. Orúkọ wa ò sí nínú ìwé rárá.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìjàn
Òótọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn ló sì mọ ilẹ̀ yẹn jù wá lọ.

Ọmọ Onílẹ̀ Tòótọ́
Ìṣákọ́lẹ̀ kì í sọni di onílẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra.

Ọmọ Ègbìrà Adó
Ta ló pe ara rẹ̀ ní onílẹ̀? Iṣu ni mo sọ.

Ọmọ Olósùnta
Ẹ̀yin ará Adó ò sì béèrè ibi tí òkúta ilé yín ti ń wá. Apá ọ̀dọ̀ wa ní Ìkéré ni wọ́n ti ń fọ́ àpáta. Tí wọ́n bá yin ẹ̀tù sí i, abọ́ á mì nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ògiri ilé ìyá mi ti sán, eruku ń bà sórí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá. Ilé tuntun ń ga l'Ádòó, tiwa ń là. Olósùnta, àpáta ńlá wa, nìkan ni ọkàn wa balẹ̀ lé lórí, torí ẹni tó bá gbé ẹ̀tù dé ìdí rẹ̀, ojú rẹ̀ á rí nǹkan.

Ayálégbé Títí Ayé
Onílé mi ní iyán ló ń sán ògiri, ẹ jẹ́ kó wá wo tiyín o.

Abíọ́nà Bàsírì
Ẹnikẹ́ni rántí Òkè Àyọ̀bá kó tó di ilé gómìnà?

Kẹ̀kẹ́ Ni Mo Ń Wà
Ọ̀bọ wà níbẹ̀.

Bàbá Dalimore
Irọ́. Ọ̀bọ wo?

Kẹ̀kẹ́ Ni Mo Ń Wà
Mo fi ojú mi rí i, bàbá.

Ọmọ Ìbàdàn
Ẹ ní ká má fi òṣèlú bà á jẹ́, ẹ wá ń wá ọ̀bọ nílé gómìnà 😂

Kẹ̀kẹ́ Ni Mo Ń Wà
Orí mi ò sí níbẹ̀ o! Ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi. Tí mo bá gbé èrò láti Atíkàǹkàn lọ sí GRA, àdúgbò àwọn ọ̀gá, lọ́sàn-án, ara mi máa ń mọ̀ ọ́n. Ní Atíkàǹkàn, páànù kan páànù ni, èèyàn ò rí ibi tí yóò gbìn ín sí kódà bí wọ́n bá fún un ní irúgbìn. Ní GRA, máńgòrò wà, ìgbá wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Mo máa ń páàkì sábẹ́ igi kan kí n lè sinmi díẹ̀ kí n tó padà. Sẹ̀kúríìtì máa ń jáde wá lé mi. Ìta ni igi náà wà o, kì í ṣe inú ọgbà.

Àgbẹ̀ Ọ̀nà Ìjàn
Wọ́n tún ń ka òjìji igi báyìí? Wọn ò ka tiwa.

Aya Pásítọ̀
Olè ló pọ̀, kì í ṣe ìkà.

Ayálégbé Títí Ayé
Agbẹ́bóòhóòlù, ẹ̀gbọ́n mi, a ó dá owó jọ nílé wa, àwa mẹ́fà tá a háyà. Èló ni?

Agbẹ́bóòhóòlù
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ wò. Ẹ tún bi onílé bóyá ó máa gbà, torí tí ẹ bá kó jáde, òun ló ni bóòhóòlù yẹn. Ó lè fi í gbówó ilé lé ẹni tó bá tẹ̀ lé yín.

Ayálégbé Títí Ayé
Mo ti jáwọ́.

Ọmọ Onílẹ̀ Tòótọ́
Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ tiẹ̀, mo ní púlọ́ọ̀tì méjì lọ́nà Àfàò. Ìwé ń bẹ. Kò sí odò kankan nítòsí.

Ìyá Ìbejì Àjílọ́sùn
Ta ló wà lókè rẹ̀?

Ọmọ Onílẹ̀ Tòótọ́
Ní báyìí, kò tíì sí ẹnì kankan.