Ohun Tí Mo Rí Lára Àwọn Ọmọ Tó Kọ́ Iṣẹ́ Sọ́là Lọ́dọ̀ Mi

Iṣẹ́ sọ́là ni mo ń ṣe nílùú Ìbàdàn. Ọ̀dọ́ tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pọ̀, àwọn kan lára wọn sì ti fẹsẹ̀ tẹ yanrìn aginjù Sàhárà níbi tí wọ́n ti ń wá ọ̀nà gba Líbíyà dé Yúróòpù, nítorí náà mo lè sọ díẹ̀ nípa ohun tó ń dá ọmọ dúró sílé àti ohun tí kò lè dá a dúró.

Lọ́dún 2018, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀ wá, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí IOM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣí kúrò nílùú wọn, fi ọkọ̀ òfurufú kó o pẹ̀lú àwọn mìíràn láti Líbíyà wá sí Èkó. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ọmọ yìí. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Mọ́níyà la tà fi rán an lọ, kò sì mú nǹkan kan bọ̀.” Ọmọ náà kì í fẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, bí a bá wà lórí òrùlé oníbàárà, ó máa ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀: bí wọ́n ṣe gba Kánò dé Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger, bí wọ́n ṣe tò wọ́n sẹ́yìn Hilux bí ẹni di ẹrù, tí àwọn tó wà létí ọkọ̀ ta ẹsẹ̀ síta, tí oníkálukú sì di igi tí wọ́n kì bọ àárín ẹrù mú, nítorí pé awakọ̀ kì í padà gbé ẹni tó bá já bọ́. Ní Sabha, ìlú kan ní gúúsù Líbíyà, wọ́n há wọn mọ́ ilé kan, wọ́n ń lù wọ́n, wọ́n sì tan fóònù sílẹ̀ kí àwọn òbí lè máa gbọ́ igbe wọn, kí owó lè tètè dé. Kò tilẹ̀ tí ì fojú kan lápalápa, ọkọ̀ onírọ́bà tí wọ́n fi ń la òkun kọjá, kí wọ́n tó mú un sí àtìmọ́lé.

Ṣùgbọ́n ìtàn ẹ̀rù nìkan kì í dá ọmọ dúró. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, gbogbo ayé rí fídíò tí CNN gbé jáde, níbi tí wọ́n ti ń ta ènìyàn ní gbàǹjo ní Líbíyà, síbẹ̀ àwọn ọmọ wa kò yéé lọ. Ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí àwọn ètò ìrànwọ́ ń ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ pàápàá kò tó. Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa, tó fẹ́ máa ránṣọ, lọ sí irú rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣètò òwò sórí ìwé, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí, ó sì padà sílé láìní ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọdún yẹn kò parí tí ẹnì kan fi ṣèlérí iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ fún un ní Oman, ó sì gbà. Èmi kò lè dá a lẹ́bi, nítorí kò sí ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni gbé síwájú rẹ̀.

Lọ́dọ̀ mi, a kì í kánjú. Ọmọ yóò kọ́kọ́ fi mítà wo pánẹ́ẹ̀lì méjì tó dọ́gba: bó bá so pọ́sítífù ọ̀kan mọ́ nẹ́gẹ́tífù èkejì, fọ́ltéèjì, ìyẹn agbára tó ń ti iná, á di ìlọ́po méjì, bó bá so pọ́sítífù mọ́ pọ́sítífù, tó sì so nẹ́gẹ́tífù mọ́ nẹ́gẹ́tífù, fọ́ltéèjì á dúró síbi tó wà, kọ́rẹ́ǹtì, ìyẹn ìwọ̀n iná tó ń ṣàn, ni yóò pọ̀ sí i. Ìgbà tí èyí bá yé e dáadáa ló tó lè fọwọ́ kan bátìrì oníbàárà. Ọmọ tó ti Líbíyà dé yẹn, ọwọ́ rẹ̀ máa ń gbọ̀n, àmọ́ bó bá ti fún orí wáyà pọ̀ tán, á fà á tagbáratagbára lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ojú ìsopọ̀ tó bá dẹ̀ ni í gbóná, òun náà ní í sì í jó ilé. Èmi kọ́ ló kọ́ ọ ní fífà ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn.

Oníbàárà kò sì wọ́n. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún lójúmọ́ fún, sì fò sí 225 náírà fún ìwọ̀n (kWh) kọ̀ọ̀kan ní oṣù kẹrin ọdún 2024, onígbàjámọ̀ àti ẹlẹ́ja dídì ló ń wá wa kiri. Àwọn ọmọ ń dá àjọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú owó oúnjẹ tí mo ń fún wọn, mo sì ń fi tèmi lé e. Lọ́jọ́ fíríìdọ́ọ̀mù, a kì í fún ọmọ lówó. Àkàbà, dírìlì, mítà àti ohun èlò ìfúnwáyà la ń kó lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú oníbàárà tirẹ̀ àkọ́kọ́. Lójú tèmi, ibi tí ọ̀pọ̀ ètò ìrànwọ́ ti ń kùnà nìyí: wọ́n ń kọ́ ọmọ, wọn kì í fún un ní irinṣẹ́.

N kò kọ̀ kí ọmọ rìnrìn àjò. Àdéhùn ọdún 1979 ti ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gba ọmọ ìlú wa láyè láti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn nínú àjọ náà fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi sì ń fi ìwé ìrìnnà rẹ̀ lọ so sọ́là fún àwọn oníṣòwò tó ń sọ Yorùbá ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, á sì padà wálé nígbà tó bá fẹ́.

Àwọn ọmọbìnrin ló kù tí mo ń rò. Àwọn òbí kì í fẹ́ kí wọ́n bá ọkùnrin gun òrùlé, nítorí náà títún ínfátà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá tó jẹ́ obìnrin. Ẹni tó bá mọ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́, kó jọ̀wọ́ jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n.