Ọmọ mi fẹ́ kọ́ṣẹ́ irin ní Òṣogbo: ṣọ́ọ̀bù ni, àbí ilé-ẹ̀kọ́?

Ìyá kan, Òkè-Fíà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí JSS3, iṣẹ́ irin ló sì wù ú. Ṣé kí n fà á lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ ni, àbí kí n mú un lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba?

Oníṣẹ́ lathe (ẹ̀rọ tó ń yí irin bí wọ́n ṣe ń gé e): Ẹ kú àníyàn ọmọ, mà. Ọdún mẹ́rin ni mo lò lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, ọwọ́ mi sì yá. Ṣùgbọ́n nígbà tí iléeṣẹ́ kan gbé àwòrán síwájú mi, tí wọ́n ní kí n gé ọ̀pá irin kan títí yóò fi ku mílímítà 25 géérégé, mi ò lè ka àwòrán náà, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìlú tí Nigeria Machine Tools, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa ṣe ẹ̀rọ tó ń gé irin, wà kọ́ ló yẹ ká ti máa fojú díwọ̀n irin!

Olùkọ́ iṣẹ́: Ọdún mẹ́ta ni ti ilé-ẹ̀kọ́, ìdánwò NABTEB, àjọ ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1992, ni wọ́n sì ń ṣe kẹ́yìn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà lè ṣe Trade Test, ìdánwò ìjọba fún oníṣẹ́ ọwọ́, láti ìpele kẹta dé ìkíní. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wọ yàrá iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, mà: bí eruku bá bo ẹ̀rọ, tí ẹ kò sì rí èérún irin kankan lábẹ́ rẹ̀, pátákó ìkọ̀wé nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ.

Ìyá kan, Òkè-Fíà: Bó bá wá ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù nígbà ìsinmi ńkọ́?

Oníṣẹ́ lathe: Ìyẹn gan-an ni, mà. Ẹ tètè bá ọ̀gá náà sọ ọ́, kí ẹ sì ra awò ìdáàbòbojú fún un.