Ọ̀finkìn kan náà, oògùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí lọ́dọ̀ oníṣègùn Ṣáínà

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Guangzhou:
Ẹ kú ilé o. Aṣọ ni mo ń rà ránṣẹ́ sílé láti ibí. Lóṣù kejì ọdún tó kọjá, òjò pa mí ní Xiaobei, àdúgbò kan níbí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ pẹ́rẹ́, mo ti gbọ̀n, síbẹ̀ ọrùn mi ń làágùn. Ìyá onílé mi ló fà mí lọ sọ́dọ̀ bàbá oníṣègùn kan.

Bàbá ní kí n yọ ahọ́n. Ó fi ìka mẹ́ta lé ọrùn-ọwọ́ mi, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé oorun ti gbé e lọ. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni: "Ṣé ò ń làágùn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá kọ àgbo kan tó ń jẹ́ Gui Zhi Tang fún mi. Nǹkan márùn-ún péré ló wà nínú ẹ̀: ẹ̀ka igi sínámọ́nì, gbòǹgbò bai shao, atalẹ̀ tútù, èso pupa kan tó jọ dàbínù, àti gan cao, gbòǹgbò tó ń dùn lẹ́nu. Mo rò ó nínú mi pé ṣé ọbẹ̀ la fẹ́ sè ni. Àṣé ìwé Zhang Zhongjing, oníṣègùn Ṣáínà àtijọ́, ló ti wá, ó ti tó nǹkan bí 1,800 ọdún!

Ó ní kí n mu ún ní gbígbóná, kí n fi kúnú ìrẹsì gbígbóná lé e, kí n daṣọ bora. Òógùn gbọ́dọ̀ rin ara díẹ̀, kò gbọdọ̀ ṣàn bí omi. Tó bá ti jáde tára sì fúyẹ́, kí n má mu ìyókù. Ara mi yá.

Ìyókù yẹn ló kó bá mi. Lọ́jọ́ kẹrin, ọmọ Ìlọrin tá a jọ ń gbé bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Èmi dókítà ọ̀sán gangan, mo se é fún un. Kílẹ̀ tó mọ́, ọ̀fun rẹ̀ ti wú, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Bàbá wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní òtútù ló wọ èmi lára, ooru ló wọ tirẹ̀: ọ̀fun ń dùn ún, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ṣóńṣó ahọ́n rẹ̀ pọ́n. Atalẹ̀ àti sínámọ́nì mi kàn ń koná mọ́ iná ni. Oògùn Yin Qiao San ló fún ọmọ Ìlọrin, èyí tí òdòdó jin yin hua àti èso lian qiao jẹ́ olórí rẹ̀. Mo bi í pé ká ní èmi ò làágùn rárá ńkọ́, tí gbogbo eegun ń ro mí? Ó ní àgbo mìíràn, Ma Huang Tang, nìyẹn.

Lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀rẹ́ mi dìde. Bóyá oògùn ni, bóyá ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Ọ̀finkìn kì í kúkú pẹ́ lára.

Ìyá Ìbejì, London:
Ẹ ṣọ́ra fún gan cao yẹn o. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ní. Mo ra ewé ikọ́ tí gan cao wà nínú ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan, mo mu ún fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ni ìfúnpá mi bá fò sókè. Nọ́ọ̀sì ló bi mí pé kí ni mò ń mu. Gbòǹgbò dídùn yẹn máa ń dá iyọ̀ àti omi dúró sára, ó sì ń lé pòtásíọ̀mù jáde. Ma huang, ohun ọ̀gbìn tó jẹ́ olórí Ma Huang Tang, tiẹ̀ burú jù: Amẹ́ríkà fòfin dè é nínú àwọn oògùn amárale ní 2004.

Ọmọ Alágbo, Ìbàdàn:
Màmá mi náà máa ń béèrè bóyá ẹnu oníbàárà korò, bóyá ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, kó tó bu àgbo ibà. Ẹ wo Tu Youyou, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Ṣáínà tó ń wá oògùn ibà: ìwé Ge Hong, oníṣègùn Ṣáínà ti nǹkan bí 1,700 ọdún sẹ́yìn, ní kí wọ́n rẹ ẹ̀kúnwọ́ kan ewé qinghao sómi, kí wọ́n fún omi rẹ̀ jáde, kí wọ́n mu ún. Kò dárúkọ iná. Ibẹ̀ ni Tu Youyou ti mọ̀ pé ooru ló ń ba agbára ewé náà jẹ́, ní 1971 ó fi ether, omi kẹ́míkà kan tó tètè ń hó, yọ ọ́. Artemisinin nìyẹn, ohun tí wọ́n ṣe láti ara rẹ̀ ló wà nínú oògùn ibà tá à ń rà ní kẹ́mísìtì, Tu Youyou sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Mo kà á fún màmá mi. Wọ́n ní, "Ṣé ìgbà yẹn lẹ tó gbà? Ṣebí mo ní omi ògì la fi ń rẹ òmíràn."

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Guangzhou:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun mà. Ọmọ Ìlọrin ti ka èyí. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ò tíì dárí jì mí.