Àáró ọkọ̀ ni, kì í ṣe àjọwọkọ̀

Ọ̀kún o, ẹ̀yin ará mi.

Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ìsánlú ní "àjọwọkọ̀" ló yẹ kí a máa pe ìṣe àwọn onímọ́tò tó ń bá ara wọn lọ síbi iṣẹ́ nínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n, mo júbà yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò mú un tó. Èrò tó kún bọ́ọ̀sì ní gáréèjì Kàbà, tí ẹnì kan kò mọ ẹnì kejì, àwọn náà jọ wọkọ̀. Ẹni tí yóò gbé ọkọ̀ jáde lọ́la ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé.

Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, àwa mẹ́ta la jọ ń ti Kàbà lọ kọ́ni ní Mọ̀pà. Ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ mi. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ti ìyáàfin kan. Ẹnì kẹta kò ní mọ́tò, òun ló ń ra epo Ọjọ́rú. Nígbà tí ìyá ìyáàfin yìí kú, ọkọ̀ mi nìkan ló ń ná ọ̀nà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Láàárọ̀ ọjọ́ tó padà dé, ó ti dúró síwájú ilé mi kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ó ní: "Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yín sílẹ̀. Àáró yín wà lọ́rùn mi." Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹlòmíì dábàá "ọ̀wẹ̀ ọkọ̀". Rárá o. Ọ̀wẹ̀, oníṣẹ́ ló ń bẹ èèyàn sí i, a jẹun, a mu, iṣẹ́ parí, ó tán. Àáró là ń san padà: mo ro oko rẹ lónìí, o ro tèmi lọ́la.

Ẹ wo Jakarta ní Indonesia. Ìjọba ibẹ̀ pàṣẹ pé ọkọ̀ tí kò bá kó ẹni mẹ́ta kò gbọdọ̀ gba àwọn òpópónà kan nígbà tí ọ̀nà bá dí. Làwọn aláìní bá ń dúró sẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ń fi ara wọn háyà fún onímọ́tò kí iye lè pé. Obìnrin ń gbé ọmọ ọwọ́ dání, torí ọmọ náà ẹnì kan ni. 2016 ni wọ́n fagi lé òfin yẹn. Gbogbo wọn ló jọ wọkọ̀, àáró kankan kò sí níbẹ̀.

Lójú ọ̀nà tiwa, tí ẹ̀rù ajínigbé kì í jẹ́ kéèyàn gbé ẹni tí kò mọ̀, ẹni tó o mọ ilé ẹ̀ nìkan lo lè bá ṣe àáró. Ọ̀rọ̀ náà ti sọ ìyẹn fúnra rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni awakọ̀ gáréèjì. Bàbá tó ń gbé wa tẹ́lẹ̀ ń pẹ́ gan-an báyìí kí ọkọ̀ ẹ̀ tó kún. Orúkọ yòówù ká yàn, kò ní dá èrò mẹ́ta padà fún un.

Mo dán an wò létí ìyá mi tí kò kàwé: "À ń ṣe àáró ọkọ̀ lọ sí Mọ̀pà." Ó ní, "Ta ló kàn lọ́la?"