Ohun tí ojú mi ti rí ní pápákọ̀ òfúrufú Àkúrẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ohun tí ojú yín rí ní pápákọ̀ òfúrufú níbí, ẹ ṣeun. Awakọ̀ ni mí, pápákọ̀ òfúrufú wa lọ́nà Ọbà-Ilé ni mo ti ń gbé èrò. Ará Ọ̀wọ̀, ará Ìkàrẹ́, àti àwọn ará Èkìtì. Láti ìgbà tí ajínigbé ti dóde, ẹni tápá rẹ̀ ká a kì í fẹ́ gba títì wá láti Èkó mọ́.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013 ṣì ń dùn mí. À ń retí òkú Dókítà Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà wa tẹ́lẹ̀, tí bàálù ń gbé bọ̀ láti Èkó. Àfi bí fóònù ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́tùn-ún lósì. Bàálù náà ti já ní Èkó, kò tíì gbéra pẹ́ rárá. Èèyàn 20 ló wà nínú rẹ̀. Deji Falae tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà, ọmọ Olóyè Olú Falae, bá a lọ. Kí èèyàn máa sin òkú lọ, kó di òkú! Àwa awakọ̀ kò dúnàá-dúrà owó ọkọ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ti màlúù ní oṣù keje 2019 ńkọ́? Màlúù ya bo ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà sí, èyí tó wá láti Èkó kò rí ibi bà sí. Ó bí mi nínú gan-an.

Ṣùgbọ́n iná ló ká mi lára jù. Ojú ọ̀nà bàálù wa gùn tó bíi mítà 2,800, síbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí mò ń sọ yìí, kò níná tí bàálù lè fi bà lálẹ́. Bí bàálù bá pẹ́ kó tó kúrò l'Ékòó, ìrìn àjò ọjọ́ náà di òfo nìyẹn.

Bàbá kan láti Ìkàrẹ́ jókòó sínú ọkọ̀ mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, fìlà lórí itan, fóònù tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Àkọ́bí wọn ń bọ̀ wá ṣe àìsùn ìyá rẹ̀. Aago mẹ́rin, bàálù ò tíì gbéra. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́fà lù, àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ ní bàálù náà kò wá mọ́, ilẹ̀ yóò ti ṣú kó tó dé. Ọmọ pè, ó ní òun á wọ mọ́tò. Bàbá pariwo mọ́ fóònù:

"Má gba títì lálẹ́ o! Ìyá rẹ ti lọ, mi ò ní fi ìwọ náà kún un."

Mo gbé wọn padà sí Ìkàrẹ́. Wọ́n ṣe àìsùn náà láìsí àkọ́bí.

Ẹni tó bá ti wà nínú irú bàálù bẹ́ẹ̀, tí ilẹ̀ ṣú mọ́ l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ bó ṣe rí lọ́dọ̀ tiyín. Ó yẹ kí àwọn tó lè fi iná síbẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu wa.