Irùngbọ̀n ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò pàdé: ṣé kí n gba abẹ́rẹ́ testosterone?

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ọdún 23 ni mí. Irun kún àgbọ̀n mi, ṣùgbọ́n ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ fọ́nká. Ojoojúmọ́ ni mo ń fi abẹ fẹ́lẹ́ fá a kó lè kún, ni kókó wẹ́wẹ́ bá sú bo ọrùn mi. Wọ́n ní kí n gba abẹ́rẹ́ testosterone, èròjà ara tó ń mú àmì ọkùnrin yọ, pé ọkùnrin tí kò nírùngbọ̀n kò tíì pé lọ́kùnrin. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Apòògùn:
Àbúrò, má ṣèèṣì gbà á. Tí testosterone bá ti abẹ́rẹ́ wọlé, ọpọlọ á rò pé èyí tó wà lára ti tó, á ní kí kórópọ̀n sinmi. Kórópọ̀n á súnkì, àtọ̀ tó lè fún obìnrin lóyún á dín kù, ó tilẹ̀ lè tán. Ẹni tó ní òun ń wá àmì ọkùnrin!

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí irùngbọ̀n wọn fọ́nká ni testosterone ara wọn pé. Inú gbòǹgbò irun ni ara ti ń sọ ọ́ di èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní DHT. Bí gbòǹgbò bá ṣe ń gbọ́ràn sí DHT tó ni irun ṣe ń kún tó, àbímọ́ sì nìyẹn. DHT yìí kan náà ló ń pá àwọn mìíràn lórí. Irùngbọ̀n kọ́ ló ń sọ ẹni di ọkùnrin: òbúkọ nírùngbọ̀n, abo ewúrẹ́ náà ń ní in. Ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣì lè máa kún títí di nǹkan bí ọdún 30. Àfi tí irun abíyá àti ti abẹ́ kò bá hù, tí ohùn kò sì tíì yí padà, ni kí o lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, láàárọ̀, kí aago 10 tó lù.

Onígbàjámọ̀:
Fífá kì í mú irun kún. Ṣóńṣó orí irun ni abẹ gé lọ. Ìdí tó nípọn ló ń yọ, ló fi ń le lọ́wọ́. Irun tiwa máa ń ká: tí o bá fa awọ le, tí o sì fá a lódì, ẹnu rẹ̀ tó mú á wọnú awọ padà. Kókó ọrùn rẹ nìyẹn.

Fi abẹ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4. Kílípà ni kí o lò, kó ṣẹ́ irun kù ní mìlímítà 1, má tẹ̀ ẹ́ mọ́ra. Tó bá di dandan kó dán, po pàùdà ìfárun kó ki bí ẹ̀kọ. Kọ́kọ́ dán an wò lápá, dúró di ọjọ́ kejì. Ìṣẹ́jú 5 tó. Tó bá ju 7 lọ, á jó awọ, ojú ibẹ̀ á dúdú. Kó tó ọjọ́ méjì kí o tó tún un lò.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńkọ́? Má fọwọ́ kàn án fún ọ̀sẹ̀ 6, irun tó gùn á bo àlàfo. Ìka méjì lókè gògóńgò ni kí wọ́n ti lànà rẹ̀. Àwọn onígẹ̀run kan máa ń gé e dé párì, irùngbọ̀n tó kún gan-an á wá rí tínrín.

Ọmọ_Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an. Minoxidil, oògùn tí wọ́n ń fi pa irun, ńkọ́?

Apòògùn:
Irun orí ni wọ́n fọwọ́ sí i fún, àmọ́ nínú ìwádìí kan ní Thailand, tó jáde ní 2016, ọkùnrin 48 kópa: àwọn tó fi oníìdá 3 nínú 100 pa á, ìdajì mìlílítà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 16, irùngbọ̀n wọn kún ju tàwọn yòókù lọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni látìbẹ̀rẹ̀. Tí àyà bá ń já ọ tàbí tí ẹsẹ̀ wú, dáwọ́ dúró, rí dókítà. Fọwọ́ lẹ́yìn tí o bá lò ó, má sì jẹ́ kí ológbò lá a, ó ń pa wọ́n.